Aṣọ Àjà Ọkọ̀ Tàófíìk

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Tàófíìk, Làtíífàt ìyàwó rẹ̀ kò tíì kọjá ẹnu géètì. Alùfáà tó wàásù lọ́jọ́ ìsìnkú sọ pé obìnrin tó ń ṣe opó lè jáde lọ́sàn-án bí ọ̀ràn bá pọn dandan, ṣùgbọ́n ilé ọkọ rẹ̀ kò gbà pé ohunkóhun pọn dandan. Bí iyọ̀ bá tán, ẹlòmíì ni yóò lọ rà á. Bí orí bá ń fọ́ ọ, wọn á mú oògùn wá bá a nínú yàrá. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìdèrè wà ní títì pa, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni òfin sọ. Ní àràárọ̀, bí ó bá ti kírun tán, ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa ìlà kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Àìṣát, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún Tàófíìk, ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀rúwà lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n Làtíífàt, Àbdùlàhí, ti ránṣẹ́ láti Ayétẹ̀ pé òun ti tún yàrá kan ṣe fún un nílé bàbá wọn, pé ọjọ́ tó bá jáde opó ni kó máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ni Làtíífàt ń gbé sínú bí ẹni gbé ẹyin sí abẹ́ aṣọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, kì í kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde kó má rí i. Ìbejì tó bí náà ni Tàófíìk àti Mùíz. Tàófíìk ló kọ́kọ́ wáyé, Mùíz tó tẹ̀lé e sì ni ẹ̀gbọ́n gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ohùn kan náà, kódà bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ tí wọ́n bá jẹ ata bára mu. Mùíz ń gbé ní apá kejì ọgbà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí Aliyyah jẹ́ àgbà wọn. Ní gbogbo ìgbà tó bá gba iwájú fèrèsé kọjá, ọkàn Làtíífàt máa ń fò sókè kó tó rántí.

Ọjọ́ kẹta tí Tàófíìk kú ni Mùíz yọ bátìrì ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kó má baà kú síbẹ̀ ni. Ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀, ọkọ̀ sì dúró gbọin lábẹ́ igi máńgòrò láìlè dún.

Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ni, ó ti gbó kí Tàófíìk tó rà á. Iṣẹ́ Tàófíìk ni kó máa tún ẹ̀rọ ìlọpákí ṣe láti Igbó-Ọrà tí wọ́n ń gbé títí dé Tápà àti Ìgàngàn, ẹni tó sì ń tún ẹ̀rọ gbogbo ìlú ṣe kì í ráyè ti ara rẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì láti inú ti ṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, á rọ gíláàsì sílẹ̀, á na ọwọ́ síta, á ṣí i láti ìta. Aṣọ àjà ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi bo orí inú rẹ̀, sì ti ń tú wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tàófíìk máa ń gba píìnì lọ́wọ́ Làtíífàt láti fi gún un mọ́ òkè, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò yé wálẹ̀. Ó wálẹ̀ títí tó fi ń kan fìlà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́rin tí Làtíífàt ti ń ṣe opó, àwọn àlejò kan wá kí Ìyá Ìbejì láti Ìgàngàn, ilé kún, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹ̀yìn tì kí wọ́n má bi í léèrè ohun kan. Ó jáde sí àgbàlá, ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò tíì jókòó pẹ́ tí aṣọ náà fi já pátápátá. Ó bò ó lórí àti lójú. Eruku fóòmù tó ti jẹrà kún imú rẹ̀. Ó fi ọmọ ìka méjì mú etí aṣọ náà, ó fọwọ́ ra á wò bí ó ti máa ń ra aṣọ wò lọ́jà.

"Aṣọ ṣáà ni," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọmọ́tárá, olùkọ́ kan tí ó máa ń wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, ló rán níṣẹ́. Ọmọ́tárá wo fídíò lórí fóònù, ó sì fi han Làtíífàt bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lábẹ́ aṣọ náà, páálí líle kan wà tó gba gbogbo orí ọkọ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á ha fóòmù àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ tuntun mọ́ ọn.

"Làtí, kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò ní bátìrì ṣe?" Ọmọ́tárá bi í.

"Mi ò tíì mọ̀. Ọwọ́ mi ló ń yún mi."

Ọmọ́tárá ra aṣọ tó ní fóòmù lẹ́yìn láti Abẹ́òkúta, ó ra gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò, ó sì kó sikudíráfà ọkọ rẹ̀ wá.

Ọjọ́ tí Làtíífàt bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú ọkọ̀ náà, Ìyá Ìbejì dìde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Kí lò ń tú nínú ọkọ̀ ọmọ mi?"

"Aṣọ àjà rẹ̀ ló já, Màámi. Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Opó kì í ṣe mẹkáníìkì."

"Aṣọ ni, Màámi. Aṣọ sì ni iṣẹ́ mi."

Ìyá Ìbejì dúró síbẹ̀. Ó ń wò ó bó ṣe ń yọ ibi ìdìmú, tó ń yọ iná inú ọkọ̀, tó ń fa rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Làtíífàt tẹ́ ìjókòó méjèèjì sílẹ̀, ó yí páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á gba ẹnu ilẹ̀kùn iwájú jáde bí ẹní tí wọ́n ká díẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, àwọn méjèèjì rí àbàwọ́n kan lórí aṣọ àtijọ́ náà, níbi tó bọ́ sí òkè ìjókòó awakọ̀. Òróró orí Tàófíìk ni, àti àwọ̀ fìlà rẹ̀. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Gé e fún mi," Ìyá Ìbejì sọ.

Làtíífàt mú àlùmọ́gàjí, ó gé e. Ìyá náà gbà á, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà kò bá Làtíífàt sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá kí i láàárọ̀, yóò mi orí. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, yóò jẹ ẹ́ láìsọ ohunkóhun. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀lé e láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdí máńgòrò, láti ìdí máńgòrò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Làtíífàt rò pé ìbínú ni. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà bíi ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà bàjẹ́. Ó da gọ́ọ̀mù sí i jù, ó gba inú fóòmù yọ sójú aṣọ, ó sì fi àmì dúdú dúdú síbẹ̀ bí ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe. Ó tó ogún ọdún tó ti ń ránṣọ, kò sì rántí ìgbà tó bu aṣọ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí i kúrò, ó tún ha páálí náà, ó ní kí Ọmọ́tárá tún bá òun ra òmíràn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa gọ́ọ̀mù náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára páálí àti sẹ́yìn aṣọ, ó dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí. Aṣọ náà jókòó, kò ní wíwú kan. Nígbà tó parí rẹ̀, ó kù ọjọ́ mọ́kàndínlógún kó jáde opó.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Jímọ́ọ̀, àwọn ọkùnrin ti lọ kírun. Ìyàwó Mùíz ti lọ sọ́jà. Ìyá Ìbejì wà nínú yàrá rẹ̀. Làtíífàt rò pé kí òun gbé páálí náà padà sínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó fi àpótí ìjókòó kékeré kan há ilẹ̀kùn iwájú kó má baà padé, ó ti páálí náà wọlé, òun náà sì rá wọlé tẹ̀lé e. Lórí ìjókòó tó tẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi orí àti ọwọ́ méjèèjì gbé páálí náà sókè, ó ń wá ihò tí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìdè tó ń mú un mọ́ orí ọkọ̀ yóò wọ̀.

Atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ ló fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ bí ewé máńgòrò ṣe ń hó. Àpótí náà ṣubú, ilẹ̀kùn sì padé gbàmù.

Kò kọ́kọ́ yé e. Ìgbà tó na ọwọ́ sí ibi tí irin ìṣílẹ̀kùn yẹ kó wà, tó kan ihò lásán, ló tó rántí. Gíláàsì kò lè rọlẹ̀ láìsí bátìrì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, Tàófíìk ti tì wọ́n láti ìgbà tí Àìṣát wà ní kékeré kí ọmọ má baà ṣí wọn lórí ìrìn, láti ìta nìkan ni wọ́n ṣeé ṣí. Ó tẹ fèrè, kò dún.

Òjò náà kò rọ̀. Atẹ́gùn kọjá lọ, oòrùn tún yọ, ó sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òórùn gọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára páálí náà, ó ń ta á lójú àti lọ́fun. Bó bá sọ páálí náà kalẹ̀, yóò ká ní àárín, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò bàjẹ́. Bó bá gbé e dúró, kò ní ọwọ́ tó lè fi lu gíláàsì. Ó gbé e dúró. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ lu ilẹ̀kùn, ó ń pe, "Màámi! Màámi o!" Ohùn rẹ̀ kàn ń padà sí i létí ni. Òógùn ń ro láti orí rẹ̀ wọ ojú rẹ̀. Ó ronú pé òun lè fi sikudíráfà fọ́ gíláàsì, ó sì na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sábẹ́ ìjókòó níbi tí ọwọ́ kò dé. Lẹ́yìn náà kò ronú mọ́. Ó ń ka mímí rẹ̀.

Ó gbọ́ ìró bàtà. Nígbà tó yí ojú, Tàófíìk ló dúró sí ẹnu gíláàsì nínú jàlàbíà funfun.

Mùíz ni. Ó ti mọ́ṣáláṣí dé.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?" ó bi í.

"Ilẹ̀kùn ló padé mọ́ mi. Ẹ bá mi ṣí i, Bàbá Aliyyah."

Ó gbé ọwọ́ lé ibi ìṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò fà á. Ó wo apá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tirẹ̀ dọ́gba.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àyè bá ọ sọ̀rọ̀," ó ní. "Ojú pọ̀ jù nínú ilé yìí."

"Ooru ń mú mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Màá ṣí i, gbọ́ ná. Ọkọ̀ yìí, mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Má fi ṣe wàhálà. Tó o bá jáde opó, o ò ní lọ ibì kankan. Ilé yìí náà ni wàá máa gbé. Mi ò ní jẹ́ kí ìyàwó àbúrò mi di ẹni tó ń wá ilé kiri. Ìwọ náà wò mí. Kí ló yàtọ̀ lára èmi àti òun? Kò ní ṣòro fún ọ."

Làtíífàt wò ó. Ẹnu Tàófíìk ni, eyín Tàófíìk ni, àpá kékeré tó wà ní ìpéǹpéjú nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni òun wà nínú rẹ̀, pé láti oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ ni ọkùnrin yìí ti gbé ọwọ́ lé ibi ìṣílẹ̀kùn láìfà á.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn," ó ní.

"Kàn sọ pé o gbọ́."

Kò sọ ọ́. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó tún fi orí ti páálí náà sókè.

Ọwọ́ mìíràn ló fa ilẹ̀kùn náà. Ìyá Ìbejì ló ti ìdí máńgòrò yọ, ó wà láìwọ bàtà. Afẹ́fẹ́ wọlé, Làtíífàt sì mí bí ẹni tó yọ látinú odò.

"Ẹni tí kò rí ọ̀nà jáde ni ò ń bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?" ìyá náà bi ọmọ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ. Alùfáà sọ fún èmi àti ìwọ pé a kì í bá opó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kó tó jáde opó. Máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ."

Mùíz gbọn ìdí jàlàbíà rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Ìbejì ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó bu omi wá, ó gbé ife náà sí Làtíífàt lẹ́nu, nítorí kò tíì sọ páálí náà kalẹ̀. Ó mu ún tán, ìyá náà tún bu òmíràn.

"Sọ ọ́ kalẹ̀, kí o jáde wá."

"Yóò ká, Màámi. Ó kù díẹ̀."

Ìyá náà wò ó. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti apá ẹ̀yìn páálí náà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni Làtíífàt ṣe rí ọwọ́ kan lò láti wá sikudíráfà.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ lápá ọ̀tún."

"Ṣé ó dé ibẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ìdè àkọ́kọ́ wọlé, èkejì wọlé. Ìyá Ìbejì ń mí kíkankíkan, kò sì sọ pé ó rẹ òun. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ di mímúlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ tuntun náà lókè ìjókòó awakọ̀.

"Mi ò bínú sí ọ," ó ní. "Nígbà tí mo bá rí ọ nídìí ọkọ̀ yìí, mo máa ń rò pé ò ń tún un ṣe láti fi lọ ni. Mo sì mọ̀ pé mi ò ní ẹnu tí mo lè fi dá ọ dúró."

Làtíífàt ń kó àwọn ìdè tó kù sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ó fa ìlà tó kù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó pé, ó wẹ̀, ó jáde opó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni alùfáà wá pín ogún. Kí wọ́n tó dé orí ọkọ̀, Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n kà á mọ́ ìpín tòun. Mùíz gbójú sílẹ̀, kò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó gbé bátìrì wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì kọjá láìwo ẹnikẹ́ni. Mẹkáníìkì kan wá tò ó padà, ó sì tún ilẹ̀kùn ṣe.

Ìyá Ìbejì fi kọ́kọ́rọ́ náà lé Làtíífàt lọ́wọ́.

"Ọwọ́ rẹ ni yóò máa wà," ó ní. "Èmi ò mọ ọkọ̀ wà, Mùíz ò sì ní máa ráyè mi. Ìwọ ni wàá máa gbé mi lọ wo àwọn èèyàn mi ní Ìgàngàn."

Làtíífàt kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni, ó sì mọ̀ pé okùn ni. Tàófíìk ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kejì tí òun bá jáde opó ni òun yóò kó aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ sí Ayétẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì pé, kò lọ; ó ń tún tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nù lójú ọ̀nà Ìdèrè.

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìgàngàn. Àwọn èèyàn Ìyá Ìbejì kó iṣu márùn-ún sínú búùtù fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Làtíífàt yà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ayétẹ̀. Ìyá Ìbejì ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó jókòó sínú ọkọ̀. Àbdùlàhí jáde wá kí ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá àbúrò rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ó ti kùn ún. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí oko.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?" ó bi í.

Làtíífàt wo yàrá náà, ó wo ọkọ̀ tó wà níta. Ìyá náà kọjú síwájú, kò yíjú sí ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé Màámi délé ná," ó ní.

"Yàrá ò ní sá lọ," Àbdùlàhí dáhùn.

Wọ́n wakọ̀ dé Ìdèrè kí Ìyá Ìbejì tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tó o bá fẹ́ lọ, sọ fún mi ṣáájú. Má jẹ́ kí n jí láàárọ̀ kí n má bá ọ."

"Mo gbọ́, Màámi."

"Ọjọ́ wo ni?"

Làtíífàt di sitiárì mú, ó yà fún ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ wá pàdé wọn. "Mi ò tíì mọ̀, Màámi," ó ní. Kò purọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ọjọ́ náà.